Ìdáríjì Lórí Ọkà Báálì

Ohùn kan náà ni Ọlọ́run fún Sàláúdéènì àti àbúrò rẹ̀ Àmúdà. Ojú wọn kò jọra rárá: ẹ̀gbọ́n ga, ó pupa, àbúrò kúrú, ó dúdú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó wà níta kò lè sọ èyí tó jẹ́. Nígbà tí Sàláúdéènì ṣì ń ṣiṣẹ́ relúwè ní Òṣogbo, tí ìyàwó rẹ̀ Mọ́nsúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Àmúdà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Ìyàwó tuntun sáré gbé e wá, ẹran ńlá lórí rẹ̀. Àmúdà jẹ ẹran náà tán pátápátá kó tó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àpárá ni nígbà náà, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní agboolé wọn.

Ọjọ́ tí Sàláúdéènì kú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ìrẹsì rẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè dé ni. Ó bọ́ bàtà, ó bu omi láti ṣe àlùwàlá fún ìrun alásárì, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ló gbà lọ. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì wò ó, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Raliat, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì, wà níbẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo tí Sàláúdéènì bí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lápá Òkè Ọya, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Àbídèmí. Ní báyìí tí bàbá kú, ọmọ ló wà lájò.

Erékùṣù kan ni Àbídèmí wà, lókè téńté ilẹ̀ Scotland, níbi tí òkun yí ilẹ̀ ká, tí atẹ́gùn kì í sinmi, tí igi pàápàá kì í fẹ́ hù dáadáa nítorí ìjì. Arúgbó òyìnbó kan tí kò bímọ ló gbà á síṣẹ́ oko. Óòtì àti ọkà báálì ni wọ́n ń gbìn. Óòtì ni èyí tí àwọn dókítà máa ń ní kí àwọn tó ní ìtọ̀ súgà máa fi ṣe ẹ̀kọ mu. Báálì ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì inú ìgò. Méjèèjì kò fẹ́ oòrùn líle, òtútù àti ìrì ni wọ́n fẹ́ràn. Nígbà tí wọ́n bá ń dàgbà, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í fẹ́ ṣú. Àsìkò ìrun iṣáì á tó, ojú ọ̀run á ṣì mọ́ kedere.

Nígbà tí Sàláúdéènì kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ẹnu yà á. Ó ní, "Kí ni oòrùn ṣe fún wọn tí wọn ò jẹ́ kó lọ sùn?"

Láti ìgbà tí Àbídèmí ti dé oko náà ni òun àti bàbá rẹ̀ ti ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí Wásáàpù. Ọmọ á sọ bí báálì ṣe hù, bàbá á sọ bí ìrẹsì ṣe ń ṣe. Ọmọ á ní àwọn ẹyẹ òkun ń da òun láàmú, bàbá á ní kí ó dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹyẹ ẹ̀ga. Ìbátan ni ìrẹsì àti báálì, ohun tó bá ń ṣe ọ̀kan kì í jìnnà sí ohun tó ń ṣe èkejì. Òru tàbí ọ̀sán, Sàláúdéènì kì í jẹ́ kí fóònù náà jìnnà sí òun. Ó máa ń gbé e sétí àwọn ẹlòmíràn nínú mọ́sáláàsí, ó ní, "Ẹ gbọ́ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe ń hó." Ká sòótọ́, ó ti ń sú wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín tán, Mọ́nsúrátù pe Àmúdà àti Raliat wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe túfọ̀ ìyá wa fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìrìn, ó sì ki ọkọ̀ bọ inú kòtò. Àbídèmí ló ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń kórè. Òun nìkan ló wà láàárín òyìnbó, kò ní ẹni tó máa dì í mú. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé tí wọ́n bá kórè tán, òun ń bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ kó kórè tán. Kó délé, ká jókòó tì í, ká tó sọ fún un."

Raliat ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ ló kú, kì í ṣe ewúrẹ́."

"Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni. Ọkọ mi náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ọkọ àti ọmọ lọ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Bó ṣe wí ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan sórí Fesibúùkù, wọ́n sì ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ láìya fọ́tò kankan. Bí Àbídèmí bá pè, wọ́n á ní bàbá wà lóko, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ìyẹn kò ṣòro, nítorí pé òótọ́ ni ó máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn fídáù ni Mọ́nsúrátù gbé fóònù ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Àmúdà, níbi tí ó ti ń ránṣọ. Ohùn Àbídèmí ló wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjì kan jà wá láti orí òkun, ó da báálì wa dé ilẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Bàbá Òyìnbó ní ká máa wò ó, bóyá á tún gbérí. Tó bá jẹ́ ìrẹsì yín ni, kí lẹ máa ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn fúnra yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbóhùn yín, ọkàn mi ò balẹ̀."

Mọ́nsúrátù gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó kàn ń wo ẹnu Àmúdà.

Àmúdà ní, "Rárá o, Ìyá Àbídèmí. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ oko."

Mọ́nsúrátù ní, "Bàbá Kékeré, ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Tí kò bá gbọ́ ohùn yẹn, á mọ̀. Lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan ló sì kù sí láyé."

Ẹ wo bí a ṣe ń ti ènìyàn bọ inú nǹkan: kì í ṣe pẹ̀lú ipá, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì, Àmúdà wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa sọ, kí ó má baà sọ ìsọkúsọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Awóníyì, àgbẹ̀ ará Ẹ̀sà-Òkè tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú ti Sàláúdéènì, wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìrẹsì bo Àmúdà mọ́lẹ̀, ó kàn kí i láti ẹ̀yìn ìrẹsì ni, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àdá bọ́ lọ́wọ́ Awóníyì. Kò sá, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, bí ẹni tó gbọ́ ohùn òkú, nígbà tí Àmúdà sì yọ sí i tán, ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tí Sàláúdéènì máa ń ṣe. Bí igi ìrẹsì bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́, a máa ń fi sílẹ̀, á gbé orí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí orí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ tútù, a kì í dúró, nítorí pé yóò hù lórí igi, yóò sì bàjẹ́. Ká tó gé e, a máa já hóró kan, a ó fi eyín gé e: bó bá lẹ̀ mọ́ eyín, kò tíì gbó; bó bá dún kẹ́kẹ́, ó ti tó. Àmúdà dúró sí àárín oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́nu.

"Àkàngbé ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o wí."

Oríkì tí Sàláúdéènì máa ń pe ọmọ náà nìyẹn. Àmúdà sọ gbogbo rẹ̀ bí Awóníyì ṣe sọ ọ́, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Awóníyì kọ ẹ̀yìn sí i títí ó fi sọ ọ́ tán.

Nígbà tí Àmúdà dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, ọ̀rọ̀ náà lọ, èsì kò sì pẹ́. Àbídèmí ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. "Bàbá, mo ti gé e jẹ. Ó lẹ̀ mọ́ mi léyín bí gọ́ọ̀mù! Bàbá Òyìnbó ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ wá bá òun ṣiṣẹ́."

Àmúdà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í pé òun rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Òun náà ti sọ ẹ̀gbọ́n nù, kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe rí lára rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń rẹ opó lẹ́kún. Ìgbà tó bá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí Àbídèmí nìkan ló dà bíi pé Sàláúdéènì ṣì wà nínú ilé. Ó máa ń kọ́ ikọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó fi ẹ̀fẹ̀ oòrùn tí kì í sùn dá a lápàárá. Ó ń lọ sí Ẹ̀sà-Òkè lóòrèkóòrè, aṣọ àwọn oníbàárà ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bínú. Bí Mọ́nsúrátù bá ń gbé fóònù bọ̀, Àmúdà á ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní erékùṣù náà, wọ́n gé óòtì. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ nínú báálì náà, láàárín òjò kan sí òmíràn. Ó wá ku oko kan, èyí tó wà létí òkun, tí kò tètè gbó nítorí òtútù.

Ọ̀sán kan ni ọ̀rọ̀ Àbídèmí kan wọlé, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Raliat ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó gbọ́ ọ.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo dé ibí, ẹ bi mí pé kí ni wọ́n ń fi báálì yìí ṣe, mo ní màlúù ni wọ́n fi ń bọ́. Màlúù ń jẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù níbẹ̀, ilé ìpọntí ló ń lọ. Ọtí líle ni wọ́n fi ń ṣe. Owó rẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sílé, Bàbá. Owó rẹ̀ lẹ fi gbẹ́ kànga ẹnu mọ́sáláàsí, tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣàdúrà fún mi lórí kànga yẹn ni ara mi ń bù máṣọ. Mi ò lè sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ yín. Bàbá Òyìnbó ti ń bẹ̀ mí báyìí, ó ní kí n dúró, kí n bá òun mú oko náà, torí òun ò lẹ́nì kankan. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí ẹ bá bínú, n ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n ó máa bọ̀ wálé wá bá yín gbin ìrẹsì. Bí ẹ bá dárí jì mí, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ má ṣe é ní kíákíá. Ẹ rò ó, Bàbá. N ó máa retí."

Atẹ́gùn ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀ títí ó fi parí.

Ẹ ó gbọ́ irú ènìyàn tí Sàláúdéènì jẹ́. Obìnrin kan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ nígbà kan, ó fẹ́ máa ta bíà níbẹ̀. Sàláúdéènì ní rárá, ṣọ́ọ̀bù náà sì wà lófìfo, aláǹgbá ń sáré nínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Kódà kí ó tó mu mọ́ọ̀tì, ó kọ́kọ́ lọ bi àwọn àfáà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà yìí ló bá olè nínú ìrẹsì rẹ̀, tó bá a di àpò ìrẹsì tó fẹ́ jí gbé dáadáa, tó ní kó máa lọ. Ó le, ó sì rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Àmúdà bá a gbé láti kékeré, kò mọ̀.

Mọ́nsúrátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ dárí jì í, Bàbá Kékeré. Ṣé ẹ ò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí ni? Èmi tí mo bí i ti dárí jì í."

Raliat ní, "Màámi, ẹ dárí jì í ní orúkọ tiyín. Bàbá Kékeré, ẹ wò mí. Ti ìrẹsì, mo dákẹ́. Ti àwọn ẹyẹ, mo dákẹ́. Èyí kì í ṣe tiyín láti fún un. Bàbá nìkan ló ni ín, Bàbá sì ti mú un lọ. Ẹ pè é, ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Tó bá wà lórí ẹ̀rọ ńkọ́?" ni Mọ́nsúrátù wí.

"Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún un!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àmúdà mọ òwe náà dáadáa, ó ti pa á fún àwọn ẹlòmíràn rí. Ó gbé fóònù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí máṣìnnì, kò sì fọwọ́ kan aṣọ kankan. Ó gbìyànjú láti ro ohun tí Sàláúdéènì máa sọ. Ó pa ojú dé, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ náà wá bá a bí àwọn yòókù ṣe máa ń wá. Kò sí nǹkan kan tó wá. Ó wá hàn sí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ti ń sọ láti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ Awóníyì ni, tàbí ọ̀rọ̀ ara òun. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀rù bà á.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wọlé. "Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?" Ohùn náà tín-ín-rín, bí ti ọmọdé tó jí nǹkan jẹ.

Bí Àmúdà bá dákẹ́ sí i, ọmọ á gbà pé bàbá òun bínú, á sì máa gbé ìyẹn kiri lórí ẹ̀rọ. Bó bá sọ òótọ́, ọmọ á gbọ́ pé bàbá òun kú láìgbọ́ nǹkan kan. Kò rí ọ̀nà kẹta. Ìfẹ́ ló ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìkà ni. Ó kọ́ ikọ́ díẹ̀.

"Àkàngbé, mo gbọ́. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dárí jì ọ́ tọkàntọkàn, kí Ọlọ́run Ọba náà dárí jì ọ́. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú mọ́. Ṣiṣẹ́ rẹ parí, kí o máa bọ̀ wálé."

Ohun tó padà wá kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹkún ni, ẹkún ọkùnrin tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí rẹ̀, tó ń da ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ọn. Ó ń sọ pé, "Alihamudulilai, alihamudulilai," léraléra. Mọ́nsúrátù gbọ́ ọ, ó dúpẹ́. Raliat dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, kò sì bá Àmúdà sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ tí Àbídèmí fi dé.

Wọ́n ti ṣètò bí ìpadàbọ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí lẹ́yìn ìkórè. Àmúdà ni yóò lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, yóò mú un lọ sí ilé àfáà àgbà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti túfọ̀ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n Àbídèmí fẹ́ yọ sí bàbá rẹ̀ lójijì, ó sì dé ṣáájú ọjọ́ tó dá.

Àmúdà wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi kọ́tìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kọ́ sójú fèrèsé nítorí àlejò tó ń bọ̀, nígbà tí ẹnì kan ké sàlámà láti ẹnu ọ̀nà. Ó dáhùn láìronú, bí gbogbo mùsùlùmí ṣe máa ń dáhùn, ó sì fi kún un pé, "Ta nìyẹn? Máa wọlé."

Ó gbọ́ ìró ẹrù tó balẹ̀. Aṣọ ẹnu ọ̀nà gbé, Àbídèmí sì ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀.

"Bàbá, mo dé o. Bàbá mi, mo dé. Ẹ wò mí, mo dé. Óòtì ni mo gbé wá fún yín, èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbìn. Óòtì nìkan ni, kò sí báálì nínú rẹ̀. Ẹ lè jẹ ẹ́."

Ó wà bẹ́ẹ̀, ó ń retí kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn kó sì súre fún un, bí ó ṣe máa ń ṣe. Àmúdà wà lórí àga tó gùn, kọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ kankan kò kàn án lẹ́yìn, Àbídèmí gbé orí sókè.

"Há, Bàbá Kékeré. Ẹ̀yin ni. Bàbá dà? Mo gbọ́ ohùn wọn níbí báyìí."

Mọ́nsúrátù ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó rí ọmọ rẹ̀, ó ju abọ́ sílẹ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí ìyẹn tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Àbídèmí dìde ní ìdajì, ó tún kúnlẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ lọ sí ara ìyá rẹ̀, ó lọ sí ara Àmúdà, ó tún lọ sí ibi tí àga bàbá rẹ̀ wà.

Ó bi wọ́n pé, "Ìgbà wo?"

Mọ́nsúrátù ní, "Ọmọ mi, jókòó ná."

"Ìgbà wo, Màámi?"

"Kí ìjì tó da oko rẹ dé ilẹ̀," ni Àmúdà wí. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Ó rò pé ó kéré tán, òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Àbídèmí yíjú sí i. Ó ń gbọ́ ohùn náà, ó ń wo ẹnu tí ó ti ń jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e, nígbà tó sì yé e, ó hàn lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí n fi eyín gé báálì wò?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń fi oòrùn dá mi lápàárá?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Bàbá Kékeré." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. "Ta ló wá dárí jì mí?"

Raliat ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, kò sọ pé ṣebí òun wí bẹ́ẹ̀, ó kàn lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àbídèmí ní, "Mo ti gbà fún Bàbá Òyìnbó. Torí ẹ ní ẹ dárí jì mí, mo ti fọwọ́ síwèé, mo máa dúró síbẹ̀. Mo gé oko etí òkun yẹn, mò ń kọrin. Mo rò pé Bàbá ti gbọ́. Mo rò pé kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín èmi àti Bàbá."

Àmúdà na ọwọ́ sí i. "Àkàngbé, má bínú, gbọ́ mi..."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀!" Àbídèmí di etí rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló rántí pé àgbà ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Kò sí ohun tó dun Àmúdà tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohùn mìíràn wo ló ní? Ó tẹ orí ba, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Raliat ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Wọn kò tíì fi sìmẹ́ńtì bo ojú oórì náà, koríko tútù díẹ̀ ti ń yọ lára ilẹ̀ pupa náà. Mọ́nsúrátù fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ó padà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Àmúdà tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ wọn. Ó dúró sí ibi tó ti lè gbọ́ wọn.

Àbídèmí kúnlẹ̀. Ó ṣàdúrà fún òkú bí ó ṣe yẹ, ó fi ọwọ́ pa ojú. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lé ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé pamọ́ fún yín." Ó sọ ti màlúù. Ó sọ ti ilé ìpọntí. Ó sọ ti kànga. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì yí ọ̀kan padà. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní kí bàbá òun jọ̀ọ́, kí ó dárí ji òun.

Àmúdà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èsì náà wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn tí ó yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́ sì wà lọ́fun rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Àbídèmí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó dẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀ de èsì. Raliat fà á lápá pé kí àwọn máa wọlé. Àbídèmí ní kó dúró ná.